Kànga Inú Ọgbà, Omi Gbogbo Àdúgbò: Ìtọ́jú Kànga Ní Ìdànrè Àti Àwọn Ìlú Olókè

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọ oṣù Kejì ọdún, ìró kan náà ni etí máa ń gbọ́ ní àgbàlá púpọ̀ ní ìlú Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Òndó: ìró rọ́bà ìfami tó ń ha ìsàlẹ̀ kànga. Okùn tí kì í tán nígbà òjò ti tán lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ ọ́ sílẹ̀. Omi tó sì gòkè wá kò ju ìdajì rọ́bà lọ, ó pọ́n, iyanrìn sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí nǹkan ṣe rí lè rò pé àkókò ìyà lásán ni. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ni kànga, àsìkò yìí gan-an ni àǹfààní rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo nìyí nínú ọdún tí omi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè gbọ́n kànga gbẹ, kí a fojú rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a sì tún un ṣe kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Bí onílé bá jẹ́ kí àsìkò náà kọjá láìṣe nǹkan kan, òjò àkọ́rọ̀ yóò wọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ti kó jọ sórí ilẹ̀ lọ sí ibi tó lọ sílẹ̀ jù. Ní ìlú olókè, ibẹ̀ ni kànga sábà máa ń wà. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe fi ìtọ́jú kànga sílẹ̀ di ìgbà tí ẹnìkan nínú ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru.

Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́ tí í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ Òndó. Àpáta ńláńlá ló yí i ká lọ́tùn-ún lósì. Orí àwọn òkè náà ni àwọn baba ńlá àwọn ará ibẹ̀ gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wá tẹ ibi tí ìlú wà lónìí dó. Àlejò tó bá fẹ́ rí ààfin àtijọ́ ní láti gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Ní ọdún 2007 ni wọ́n kọ orúkọ òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Àwọn tó ń wá wo òkè náà pọ̀. Àwọn tó ń ronú nípa omi tó ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá kò tó bẹ́ẹ̀.

Ní Odòde, ní Àláde àti ní Àtósìn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, kànga inú ọgbà ni ọ̀pọ̀ ìdílé gbójú lé. Onílé ló san owó agbẹ́kànga, onílé ló ra símẹ́ǹtì, òun náà ló sì ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ìdérí rẹ̀ ní alẹ́. Kò sí ẹni tí yóò wá rán an létí pé ọdún ti pé.

Bí omi ṣe ń rìn lábẹ́ òkè

Yorùbá fi ìyàtọ̀ sáàárín ìsun àti kànga. Ìsun ni omi tó ti inú ilẹ̀ tàbí àpáta jáde fúnra rẹ̀, irú èyí tó sọ Ìkògòsí ní ìpínlẹ̀ Èkìtì di ìlú olókìkí. Kànga ni èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ lọ bá omi. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan: ohun tí ènìyàn bá fọwọ́ gbẹ́, ènìyàn náà ló gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀.

Òkúta akọ ni àpáta Ìdànrè. Omi kì í gba inú òkúta akọ tó ṣì le kọjá. Ibi méjì péré ló lè fara pamọ́ sí: inú ilẹ̀ tí òkúta tó ti jẹrà di, àti inú àwọn ibi tí àpáta gan-an ti sán. Ní ẹsẹ̀ òkè, ilẹ̀ tó jẹrà yìí lè nípọn. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ó lè fẹ́lẹ́ débi pé irin agbẹ́kànga yóò ti máa dún lára àpáta kó tó jìn rárá. Èyí ló fà á tí kànga ilé kan fi lè ní omi títí di oṣù Kẹta, tí ti ilé kejì sì ti gbẹ láti oṣù Kìn-ín-ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbẹ́kànga kan náà ló gbẹ́ méjèèjì.

Àpáta tí kò ní koríko lórí kì í mu òjò. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i, ṣe ni omi rẹ̀ ń ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó ń gba àárín ilé, ẹ̀yìn ilé ìdáná, ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá àti orí ààtàn kọjá. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń wọlẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀ náà, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ohun tí ará òkè bá dà sílẹ̀, ará ìsàlẹ̀ ni yóò fà á mu.

Kókó ọ̀rọ̀ nìyí. À ń pe kànga ní ti aládàáni nítorí pé owó ẹnìkan ni a fi gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n omi tó wà nínú rẹ̀ lè ti kọjá lábẹ́ ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá ń fọ kànga tirẹ̀ lọ́dọọdún, tí kò sì bá aládùúgbò tó wà lókè rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ṣáláńgá, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ètò ìmọ́tótó sábà máa ń dá lábàá ni pé kí ṣáláńgá tàbí sókàwéè jìnnà sí kànga tó 30 mítà ó kéré tán, èyí tó súnmọ́ 100 ẹsẹ̀ bàtà, kí ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀ sì fi mítà kan àbọ̀ ga ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó nípọn, tó sì kúnná, ni ìwọ̀n yìí bá mu jù, nítorí pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń sẹ́ omi bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì. Ibi tí àpáta ti sán kò ní asẹ́. Omi ìgbẹ́ lè gba inú sísán náà dé kànga kí kòkòrò inú rẹ̀ tó ráyè kú. Ní ilẹ̀ olókè, nígbà náà, kí a mọ ẹ̀gbẹ́ tí ṣáláńgá wà ṣe pàtàkì ju kí a ka iye mítà lọ. Bí ó bá wà lókè kànga, 30 mítà pàápàá lè má tó. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ewu dínkù.

Kí a sì sọ òtítọ́: ilẹ̀ inú ìlú kì í sábà gba 30 mítà. Lórí púlọ́ọ̀tì kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 100, àfi kí a gbẹ́ kànga sí igun kan kí a sì gbẹ́ ṣáláńgá sí igun tó kọjú sí i kí a tó lè rí ìwọ̀n náà. Lẹ́yìn èyí, ti aládùúgbò wá kù, nítorí pé igun tiwa ni ẹ̀yìn ilé tirẹ̀.

Àrùn tó ń gba inú omi wọlé

Àrùn tí omi ẹlẹ́gbin ń fà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: ìgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ibà taifọ́ọ̀dù àti onígbáméjì. Ní ọdún 2021, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà, NCDC, ka ènìyàn tó lé ní 111,000 tí wọ́n fura sí pé onígbáméjì mú, ó sì lé ní 3,600 nínú wọn tó gbẹ́mìí mì. Ìhà Àríwá orílẹ̀-èdè yìí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà ràn kò yàtọ̀ níbikíbi. Ìgbẹ́ ẹnìkan ló wọ inú omi ẹlòmíràn. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ìgbẹ́ gbuuru sì ń tètè pa, nítorí pé omi tó wà lára wọn kò pọ̀, kì í sì í pẹ́ tán.

Àwọn àgbàlagbà kò tíì gbàgbé sòbìà. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà ní òpin àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 650,000. Ní ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, ní ọdún 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí i pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ṣe iṣẹ́ náà. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, oògùn tí wọ́n dà sínú adágún, kànga tí wọ́n mọ ọrùn fún, àti àwọn ènìyàn tí wọn kò jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ sòbìà tẹ inú omi mímu mọ́, ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀.

Kí ojú kọ́kọ́ rí i

Púpọ̀ nínú àìsàn kànga ni ojú lè rí láìsí ẹ̀rọ kankan. Ọrùn kànga, ìyẹn ògiri tí a mọ yí ẹnu rẹ̀ ká, yẹ kí ó ga tó orókùn àgbàlagbà, kí ó má baà jẹ́ pé omi ilẹ̀ ń ṣàn wọ inú rẹ̀, tàbí kí ọmọdé àti ewúrẹ́ já sí i. Bí ògiri náà bá ti sán níbi tó ti pàdé ilẹ̀, omi tí a ń dà sílẹ̀ nígbà tí a ń fa omi yóò máa padà sínú kànga pẹ̀lú ẹrẹ̀ ẹsẹ̀. Sísán tí kò ju ìbú ìka lọ ti tó fún un.

Lẹ́yìn náà ni pèpéle. Ó yẹ kí kọnkéré yí kànga ká tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó dagun díẹ̀ síta, kí ojú ọ̀gbàrá kan sì gbé omi ìdànù lọ sí ìsàlẹ̀, kì í ṣe sí òkè. Ọ̀pọ̀ onílé ló ń mọ pèpéle tó lẹ́wà tí wọ́n sì gbàgbé ojú ọ̀gbàrá. Omi wá ń dárogún síbẹ̀, àwọn obìnrin ń fọ aṣọ nínú rẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ ń mu ún, ọ̀la ni yóò sì wọlẹ̀ lọ bá èyí tí wọn yóò fà mu. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ohun kan kù tí kò pọn dandan ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ: ojú ọ̀gbàrá kejì, tí a gbẹ́ sí apá òkè kànga bí òṣùpá, kí ó lè pín àgbàrá sí ọ̀tún àti òsì kó tó dé pèpéle.

Bí a bá yọjú wo inú kànga ní ọ̀sán gangan, ìtànṣán oòrùn tí a fi dígí darí wọ inú rẹ̀ yóò fi ògiri hàn. Mítà mẹ́ta àkọ́kọ́ láti òkè wá ló gbọ́dọ̀ dì pinpin, kí omi orí ilẹ̀ má baà rí ibi yọ́ wọlé. Ìlà omi tó ń sun láti apá òkè ògiri lẹ́yìn òjò, tàbí ewédò tútù ní ojú kan, ń fi hàn pé símẹ́ǹtì tó wà láàárín rìǹgì kan àti èkejì ti jẹ. Gbòǹgbò igi tó yọ orí nínú ògiri jẹ́ ẹ̀rí kan náà.

Rọ́bà ìfami àti okùn rẹ̀ ni àwọn ènìyàn kì í kà sí. Rọ́bà tó sùn sórí ilẹ̀ mọ́jú, tí adìyẹ gorí rẹ̀, ni a máa sọ sínú omi tí ogún ènìyàn yóò mu. Ìrinwọ́ tàbí ìṣó kan lára ògiri, tí a ó máa fi rọ́bà kan ṣoṣo kọ́ sí, kò náni ju owó díẹ̀ lọ. Rọ́bà kan ṣoṣo ni, kì í ṣe pé kí àyálégbé kọ̀ọ̀kan máa gbé tirẹ̀ wá.

Fífọ kànga, àti ikú tó wà nínú rẹ̀

Iṣẹ́ fífọ kànga fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Wọn yóò gbọ́n omi rẹ̀ gbẹ, agbẹ́kànga yóò sọ̀kalẹ̀, yóò kó ẹrẹ̀, ewé, ike, bàtà ọmọdé àti gbogbo rọ́bà tó já sínú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Yóò fi búrọ́ọ̀ṣì líle ha ògiri, yóò fi símẹ́ǹtì dí ibi tó sán, lẹ́yìn náà ni yóò da òkúta wẹ́wẹ́ tí a ti fọ̀ sí ìsàlẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà máa rú. Bí omi bá ti kéré jù láti ọdún bíi mélòó kan, àsìkò yìí náà ni wọ́n lè jìn ín sí i.

Ohun tó yẹ kí a dúró lé lórí ni afẹ́fẹ́ inú kànga. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti gbọ́ ní Nàìjíríà pé ẹnìkan sọ̀kalẹ̀ sínú kànga tí kò sì dáhùn mọ́, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ gbé e tí òun náà dákẹ́, tí ẹnìkẹta sì tẹ̀lé wọn. Àwọn ará àdúgbò a máa wá ẹni tó sà sí kànga náà. Kò sí ẹni tó sà sí i. Nínú ihò tó jìn tí atẹ́gùn kò fẹ́ sí, afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú lè dínkù, kí afẹ́fẹ́ tó ń ti ara ewé jíjẹrà àti ilẹ̀ jáde, èyí tó wúwo jù ú lọ, sì gba ipò rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ kì í ní ànfààní láti pariwo. Ó lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, omi tí kò ju orókùn lọ yóò sì parí èyí tó kù.

Èyí tó burú jù ni ẹ̀rọ ìfami tó ń lo epo bẹntiróòlù. Nítorí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í lè fa omi láti ibi tó jìn púpọ̀, àwọn kan máa ń so ó mọ́ okùn sọ sínú kànga kí ó lè súnmọ́ omi. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí kì í sì í tètè jáde nínú ihò. Ẹ̀rọ tó ń jó epo kò gbọdọ̀ wọ inú kànga, kò sì gbọdọ̀ dúró sí ẹnu rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá wà nísàlẹ̀.

Àwọn agbẹ́kànga àtijọ́ máa ń fi okùn sọ àtùpà títàn sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Bí iná náà bá kú, wọn kò ní wọ ibẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, ó sì yẹ kí a máa lò ó. Ṣùgbọ́n àtùpà kò mọ carbon monoxide. Iná lè máa tàn geere níbi tí afẹ́fẹ́ olóró náà ti pọ̀ tó láti pa ènìyàn. Nítorí náà, àtùpà kò lè gba ipò àwọn ìṣọ́ra mìíràn: kí a ṣí ìdérí kànga sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a so okùn tó yi mọ́ àyà ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe pé kí ó kàn dì í mú lọ́wọ́, kí ènìyàn méjì tó lágbára ó kéré tán dúró lókè tí wọn kò ní kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì máa pè é kí ó máa dáhùn. Bí kò bá dáhùn, kí wọ́n fà á sókè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ̀lé e.

Òfin ìkẹyìn yìí le láti pa mọ́ nígbà tí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá ẹni ló wà nísàlẹ̀. Okùn tó wà ní àyà rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Agbẹ́kànga tó bá ní òun kò nílò okùn, kí onílé wá ẹlòmíràn.

Oògùn apakòkòrò, álọ́ọ̀mù àti omi sísè

Lẹ́yìn tí a bá ti fọ kànga, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn tó fọ̀ ọ́ ti kó kòkòrò wọ inú rẹ̀. Chlorine ni a fi ń pa á. Bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun ní chlorine nínú, ẹni tó bá fẹ́ lò ó sì gbọ́dọ̀ ka ara ike láti mọ bí ó ṣe le tó. Èyí tó ní òórùn dídùn kò yẹ fún kànga.

Kànga tó fẹ̀ tó mítà kan láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, tí omi inú rẹ̀ jìn tó mítà méjì, ní nǹkan bí 1,600 lítà omi. Bí bílíìṣì náà bá jẹ́ èyí tó ní ìdá 3.5 nínú 100, lítà kan àbọ̀ ni a ó lò fún 1,000 lítà omi. Nítorí náà, lítà méjì àbọ̀ yóò tó fún kànga yìí. A ó pò ó mọ́ omi nínú garawa, a ó dà á yí ògiri ká, a ó fi rọ́bà ìfami po omi inú kànga, a ó sì bò ó. Láàárín wákàtí 12 sí 24, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi náà, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wọ inú kànga. Lẹ́yìn èyí ni a ó máa fa omi dànù títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Kí a má dà á sínú odò tàbí adágún ẹja. Kí a má sì po bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tàbí oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró ni yóò ti ara wọn jáde.

Ìgbàgbọ́ kan wà tó ti pẹ́, pé álọ́ọ̀mù ń pa kòkòrò. Álọ́ọ̀mù ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ rọlẹ̀, omi á sì mọ́ lójú. Iṣẹ́ tó wúlò ni, nítorí pé chlorine kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi ẹlẹ́rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó mọ́ lójú kì í ṣe omi tó mọ́. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2007 tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2015, kò gba ẹyọ kòkòrò E. coli kan ṣoṣo láàyè nínú 100 mílílítà omi, kò sì sí ojú tó lè rí kòkòrò yìí. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́.

Chlorine pẹ̀lú ní ààlà tirẹ̀. Kòkòrò òní ló ń pa. Bí ṣáláńgá tó wà lókè bá ṣì ń rò wọ inú ilẹ̀, tuntun yóò dé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a máa se omi kànga títí yóò fi hó yàà fún ìṣẹ́jú kan, pàápàá èyí tí àwọn ọmọdé yóò mu, kí a sì tọ́jú rẹ̀ sínú ohun èlò tó ní ìdérí.

Ohun tí sísè kò lè ṣe wà pẹ̀lú. Àgbègbè kòkó ni Ìdànrè. Nígbà òjò, àwọn àgbẹ̀ máa ń fín oògùn sí kòkó nítorí àrùn tó ń sọ èso rẹ̀ di dúdú, omi kànga ilé ni àwọn mìíràn sì fi ń fọ ẹ̀rọ ìfínkòkó ní ìrọ̀lẹ́, lórí pèpéle gan-an. Àwọn mìíràn tún ń fi agolo oògùn tó ti tán ṣe ìfami. Kò sí iná tó lè se oògùn kòkó kúrò nínú omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí a ń pè ní nitrate, tó ń ti inú ṣáláńgá àti ajílẹ̀ wá, tó sì léwu fún àwọn ọmọ ọwọ́ tí a ń fi omi po oúnjẹ fún. Bí a bá ń se irú omi bẹ́ẹ̀ tí omi ń gbẹ lórí iná, ṣe ni yóò máa pọ̀ sí i nínú èyí tó kù. Oko ni ó yẹ kí a ti fọ ẹ̀rọ ìfínkòkó, níbi tó jìnnà sí odò.

Ta ni yóò san owó rẹ̀?

Ní ilé tí onílé àti àyálégbé jọ ń gbé, ìbéèrè yìí ló ń fi ọdún ṣòfò. Àyálégbé a ní onílé ló ni kànga. Onílé a ní àwọn àyálégbé ló ń mu ún jù. Bẹ́ẹ̀, bí a bá pín owó agbẹ́kànga, símẹ́ǹtì àti bílíìṣì sí ọ̀nà ìdílé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, kò ní í tó iye tí ìdílé kan ń ná bí ọmọ kan bá ṣàìsàn taifọ́ọ̀dù. Níbi tí wọ́n ti yanjú rẹ̀, wọ́n máa ń kọ ọ́ mọ́ owó ilé: onílé ló ń tún ara kànga ṣe, àwọn àyálégbé ló ń san owó fífọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún.

Àwọn kan ti rò pé kànga dẹ̀rọ ni yóò parí gbogbo ìdààmú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ń kọjá ilẹ̀ òkè tó léègbin lọ sí inú àpáta tó sán nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lù ú sí ibi tí àpáta kò ti sán, owó ti wọlẹ̀, omi kò sì jáde. Ẹni tó bá fẹ́ lu ọ̀kan ní ìlú olókè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe àwọn onímọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò. Bí páìpù rẹ̀ kò bá sì ní símẹ́ǹtì tó dí i yí ká lókè, ẹ̀gbin orí ilẹ̀ yóò bá ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe sí kànga lásán.

Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ará òkè àti ará ìsàlẹ̀ ló wá ṣòro jù, nítorí pé kò rọrùn láti lọ kan ilẹ̀kùn àgbàlagbà kan kí a sì sọ fún un pé ìgbẹ́ ilé rẹ̀ ń wọ inú omi ẹni. Ìpàdé àwọn onílé ní àdúgbò ló dára jù fún un, níbi tí wọ́n ti lè fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ṣáláńgá tuntun sí apá òkè kànga, kí ẹni tí tirẹ̀ bá ti kún gbọ́n ọn tàbí kí ó dí i pa kí òjò tó dé, kí àwọn kànga ìsàlẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọn yóò jọ dá owó àyẹ̀wò omi fún. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba ìbílẹ̀, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní wolé-wolé, lè bá wọn dá sí i láìjẹ́ pé ó di ìjà.

Títí di ìgbà náà, òjò àkọ́rọ̀ fúnra rẹ̀ ni àyẹ̀wò tí kò náni lówó. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, kí onílé fa omi sínú ìgò funfun kan ní ìrọ̀lẹ́, kí ó tún fa òmíràn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, kí ó tò wọ́n síbi tí oòrùn wà. Bí àwọ̀ omi bá ti yí padà láàárín ọjọ́ kan, a jẹ́ pé ọ̀nà tí omi orí ilẹ̀ ń gbà dé kànga náà kúrú. Kí wọ́n máa se omi mímu, kí onílé sì gba apá òkè lọ, kí ó wo ohun tó wà níbẹ̀.